Ìyẹ́ Adìẹ Inú Omi Wàrà

Ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ní Ìsẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, okùn ni wọ́n fi dè é lọ́wọ́ wá. Ràsáàkì ahunṣọ ni wọ́n dè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí, ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan sì ti sọnù sójú ọ̀nà. Àwọn tó mú un wá lé ní ogún, gbogbo wọn ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí Kọ́púrà Yẹ̀kínì fi kóńdó lu tábìlì ni wọ́n tó dákẹ́, tí àgbàlagbà kan tó wé láwàní sì bọ́ síwájú. Ó ní Alájì Àdìgún ni orúkọ òun, òun ni olórí agbo ilé àwọn ahunṣọ òfì nísàlẹ̀ ọjà, òun sì fẹ́ kí ìjọba mọ̀ pé ẹni tí wọ́n dè yìí ti fọ́ ọmọ àbúrò òun lójú.

Oṣù kejì ọdún 1983 ni, ọyẹ́ kò tíì kúrò nílẹ̀, ètè kálukú ló sì ń là. Ìnísípẹ́kítọ̀ Ládòkun jáde sí wọn pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kò ga, ohùn rẹ̀ kò sì le, ṣùgbọ́n láti Ṣakí títí dé ibodè ni àwọn olè màlúù ti ń gbàdúrà kí ìjọba gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Àṣà rẹ̀ ni pé yóò jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán, lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè ohun tí onítọ̀hún kò sọ.

Alájì Àdìgún sọ tirẹ̀ tán pátápátá. Ó ní Mùstàfá, ọmọ àbúrò òun tó ti dolóògbé, kò tíì pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń hun sányán bí i tirẹ̀ ní gbogbo Òkè-Ògùn. Oníbàárà pàtàkì kan láti Èkó ló gba iṣẹ́ sányán kúrò lọ́wọ́ Ràsáàkì, tó gbé e fún Mùstàfá. Inú bí Ràsáàkì, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà òfì pé ojú tó ń wo iṣẹ́ oníṣẹ́ kò ní pẹ́ fọ́. Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ọ̀tún Mùstàfá funfun bí ẹyin tí a sè.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Alájì wí, "ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?"

Ládòkun béèrè ibi tí Ràsáàkì máa ń jókòó sí lábẹ́ àtíbàbà náà. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún Mùstàfá gan-an ni. Ariwo tún sọ. Ìnísípẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n tú okùn ọwọ́ ọkùnrin náà, kí wọ́n sì tì í mọ́lé, nítorí ó rí i pé bí òun bá ní kí ó máa lọ sílé, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé padà wá.

Nínú àtìmọ́lé, Ràsáàkì kò bẹ̀bẹ̀, kò sì búra. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ le koránkorán nítorí okùn òfì. Ó gbà pé òun sọ ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹyin lohùn, ọ̀gá," ni ó wí. "Tèmi ti bọ́, ó sì ti fọ́, n kò lè ṣà á jọ mọ́. Ṣùgbọ́n n kò fi nǹkan kan sí Mùstàfá lójú. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́."

"Báwo ni ojú náà ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Ràsáàkì ronú. Ó ní ní ọjọ́bọ̀ kan, bí Mùstàfá ṣe ń fa òwú le, òwú náà já, ó sì ta á ní ojú ọ̀tún. Òun fúnra òun ló fi etí aṣọ fẹ́ ẹ fún un. Omi bọ́ díẹ̀ lójú náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ sì ń bá a lọ. Lẹ́yìn bí ọjọ́ márùn-ún ni Mùstàfá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ń ṣe òun bí ìgbà tí iyanrìn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní èéfín ni òun ń rí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kò rí ọ̀kọ̀ òfì tó ń jù láàárín òwú mọ́, òjìji rẹ̀ ló ń rí.

Ládòkun kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ènìyàn bá da omi bátìrì tàbí oje igi síni lójú, igbe ni yóò tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kì í dúró di ọjọ́ karùn-ún. Ó sì mọ̀ pé kì í ṣe àpólò, nítorí àpólò ì bá ti ká gbogbo àtíbàbà náà mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú gbogbo wọn ì bá sì pọ́n. Ojú ẹnìkan ṣoṣo ni, ojú kan ṣoṣo sì ni. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí Yẹ̀kínì jẹ́ kí àwọn lọ wo ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Orí ẹní ni wọ́n bá Mùstàfá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi aṣọ funfun di ojú ọ̀tún. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn ní Ọjọ́rú tó kọjá. Dókítà ojú fi abẹ́rẹ́ fa omi láti inú ojú náà kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní ó ṣeé ṣe kí àwọn yọ ojú náà sọnù. Ọ̀rọ̀ yìí ló dẹ́rù ba àwọn ará ilé. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbé ọmọ wọn, wọ́n sì sá wálé.

Ládòkun jókòó tì í. Ó ní kí ó fi ojú òsì wo òun, kí ó sọ ohun tó bá rí.

Mùstàfá wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Bọ́tìnì kejì lára ṣẹ́ẹ̀tì yín, ọ̀gá, òwú dúdú ni wọ́n fi rán an. Òwú aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi rán àwọn yòókù."

Ládòkun wo àyà ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ó ti ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà láti bí oṣù mẹ́jọ, ojú rẹ̀ méjèèjì sì yè kooro, kò rí i rí. Ó ronú pé bí irú ojú báyìí bá lọ, kì í ṣe ojú ẹnìkan ló lọ, odindi iṣẹ́ ọwọ́ kan ló tẹ̀ lé e. Ìbànújẹ́ mú un, ó sì pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé ohunkóhun tó jẹ ojú ọ̀tún yìí, òun yóò mú un kí ó tó dé ojú òsì.

Àwáwù, ìyá Mùstàfá, ló gbé omi wá fún àwọn àlejò. Arúgbó jẹ́ẹ́jẹ́ ni, tí ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú. Omi náà tutù débi pé ó dun Yẹ̀kínì léyín, ni màmá bá fi ọwọ́ hàn wọ́n ibi tó ti bù ú: fíríìjì funfun gbàgbàgbà kan tí Alájì rà nígbà tó ti Mẹ́kà dé, tí wọ́n fi aṣọ léèsì bo orí rẹ̀ bí ẹni bo ìyàwó. Ó ṣí i kí wọ́n rí inú rẹ̀.

"Ohunkóhun tó bá ti wọ ibí, ọ̀gá, kì í bàjẹ́ mọ́," ni ó wí.

Ládòkun bojú wò ó. Ẹran tútù wà lókè nínú ọ̀rá, omi pupa ń kán díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, àwo tánganran kékeré kan wà tí wọ́n fi aṣọ pẹ́lẹ́bẹ́ bò, àbàwọ́n pupa méjì sì wà lára aṣọ náà. Ìyẹ́ adìẹ funfun kan wà lórí rẹ̀. Ládòkun rò pé òróró ni wọ́n ń fi ìyẹ́ náà kùn. Ó béèrè ẹran wo nìyẹn, Alájì sì nawọ́ sí èèkàn kan ní àgbàlá, tí ilẹ̀ tó yí i ká ti jẹ wọnú roboto. Ó ní ọ̀kan nínú àgùntàn àwọn ló yí òòyì yí èèkàn náà fún ọjọ́ mẹ́ta, tí orí rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò jẹ tí kò mu. Nígbà tí àwọn rí i pé ó fẹ́ kú, àwọn sáré fi ọ̀bẹ kan án lọ́rùn kí ó má baà di òkúǹbete tí Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ jẹ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn sì ń gé e sè.

Nínú yàrá, Àdìjátù ìyàwó Mùstàfá dojú kọ ògiri. Oyún oṣù márùn-ún ló bàjẹ́ lára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an tí ojú ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Alájì ní èyí gan-an ló jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ládòkun kò tí ì gbọ́ nípa oyún náà tẹ́lẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ó máa ń dé abẹ́ àtíbàbà òfì. Obìnrin náà ní òun kì í débẹ̀.

"Kí lo máa ń jẹ tí àwọn ará ilé yòókù kì í jẹ?"

Àdìjátù kò yíjú padà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti lóyún, wàrà tútù láti inú fíríìjì nìkan ló ń dúró nínú òun, òun kì í sì í sè é tàbí kí òun dín in.

Nígbà tí Ládòkun fẹ́ máa lọ, màmá sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ládòkun wá ọ̀rọ̀ ìtùnú fún un. Ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá sọ.

"Màmá, ẹ tọ́jú ojú kejì yẹn dáadáa. Òun ló kù fún un."

"Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were," ni Àwáwù dáhùn. "N ó tọ́jú rẹ̀, ọ̀gá."

Ìbéèrè tí Ládòkun bi Àdìjátù nípa oúnjẹ ti dé ọjà kí òun fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti fọ́ igbá Kúlú, obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà fún agbo ilé Alájì. Wàrà fọ́n ká ilẹ̀, àwọn ajá ń lá a. Kúlú jókòó sórí òkúta kan, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, kò sunkún. Àwọn ọkùnrin kan dúró lókèèrè, wọ́n ń sọ pé ta ni kò mọ̀ pé oje bòmùbòmù ni wọ́n fi ń mú wàrà dì, ta ni kò sì mọ̀ pé bí oje náà bá kán síni lójú, ojú ọ̀hún di ìtàn.

"Òótọ́ ni, ọ̀gá," ni Kúlú wí. "Mo fi bòmùbòmù sí i. Ìyá mi fi sí i, ìyá ìyá mi fi sí i. Ṣùgbọ́n mo sè é. Ó hó, ó tún hó. Ilé ọgbọ̀n ló ń ra wàrà mi. Ẹ lọ wo ojú wọn."

Ó bu omi wàrà tó kù sí ìsàlẹ̀ igbá kan tí kò fọ́, ó mu ún lójú gbogbo wọn, ó sì fún ọmọ tó pọ̀n mu. Ó tún fi kún un pé kì í ṣe wàrà nìkan ni àwọn oníbàárà òun ń fẹ́, àwọn mìíràn máa ń gba omi rẹ̀ náà lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kọjá létí Ládòkun, ó rò pé mímu ni wọ́n ń mu ún. Títí di òní olónìí, bí ó bá rántí rẹ̀, a máa bú ara rẹ̀.

Yẹ̀kínì yí ilé ọgbọ̀n náà ká. Kò sí ẹni tí ojú ń dùn, kò sí aboyún tí nǹkan ṣe. A jẹ́ pé wàrà náà dára nígbà tó kúrò lọ́wọ́ Kúlú. Kí ló wá ṣe é? Ládòkun jókòó ti ìbéèrè yìí ní Ọjọ́rú, ó jókòó tì í ní Ọjọ́bọ̀. Alájì ń wá sí tẹ́ṣàn lójoojúmọ́ láti béèrè ọjọ́ tí wọn yóò gbé Ràsáàkì lọ sí kóòtù. Ìyàwó Ràsáàkì náà ń gbé oúnjẹ wá lójoojúmọ́, kò sì béèrè nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló sì ń dun Ìnísípẹ́kítọ̀ jù. Ènìyàn kan wà látìmọ́lé tí òun mọ̀ pé kò jẹ̀bi, òun kò sì ní orúkọ kankan tí òun lè fi rọ́pò tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, iṣẹ́ dé láti Ìbàdàn pé dókítà ojú ń wá ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí Mùstàfá wà. Ládòkun kírun àsùbáà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì wọ mọ́tò. Ní agogo mẹ́jọ ó ti wà níwájú Dókítà Ayọ̀dèjì, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kò lè jókòó sójú kan.

Dókítà ní kòkòrò àìfojúrí kan hù jáde nínú omi tí àwọn fà láti ojú náà, òun sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó gbà á gbọ́. Ó ní kòkòrò inú oúnjẹ ni. Inú wàrà ló máa ń wà, inú mílíìkì tí a kò sè, inú ẹran tí kò jinná. Inú ikùn ni ìjà rẹ̀ sábà máa ń wà. Kí ó dé ojú ènìyàn, inú ìwé ni òun ti kà á, òun kò tíì fi ojú òun rí i láti ọdún mẹ́rìndínlógún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí.

"Ó máa ń ba oyún jẹ́," ni ó wí. "Ó máa ń mú àgùntàn pàápàá, àgùntàn yóò máa yí òòyì títí yóò fi kú. Ohun tó sì burú jù nínú rẹ̀ ni pé òtútù kì í pa á. Bí nǹkan yòókù bá ń sùn nínú fíríìjì, òun ń bímọ níbẹ̀ ni."

Ládòkun gbé ife omi tí wọ́n fún un sílẹ̀. Ó rí èèkàn àgbàlá náà, ó rí omi pupa tó ń kán nínú fíríìjì. Ó béèrè bí ohun tó yẹ kó gba ẹnu wọlé ṣe lè dé ojú.

"Ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kan péré ni, ó sì dà bí ẹni pé ojú náà ti kọ́kọ́ fara pa," ni Dókítà wí. "Bí ẹ bá bi mí, Ìnísípẹ́kítọ̀, ẹnìkan ló fi sí i."

Nígbà náà ni Ládòkun rántí ìyẹ́ adìẹ. Ó fò dìde. Ó gbìyànjú láti pe tẹ́ṣàn lórí tẹlifóònù dókítà, ìlà kò lọ. Ó tún gbìyànjú, kò lọ. Ó ní kí Dókítà fún òun ní oògùn tó bá yẹ, ìyẹn fún un, ó sì ní kí ó gbé ọkùnrin náà padà wá lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ní gbogbo ọ̀nà láti Ìbàdàn sí Ìsẹ́yìn, Ládòkun ń ka ọjọ́ lórí ìka: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀, Àbámẹ́ta.

Ó gba tẹ́ṣàn kọjá, ó ní kí Yẹ̀kínì mú Ràsáàkì wọlé mọ́tò, kí wọ́n sì pe Kúlú wá. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí nígbà tí wọ́n dé agbo ilé. Abẹ́ àtíbàbà òfì ni gbogbo wọn wà. Mùstàfá dùbúlẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì rẹ̀, wọ́n fi ìborùn bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Alájì rí Ràsáàkì láìsí okùn lọ́wọ́, ó fẹ́ bínú. Ládòkun gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó lọ tààrà sídìí fíríìjì, ó gbé àwo tánganran náà jáde, ó gbé e kalẹ̀ síwájú wọn, ó sì ṣí aṣọ orí rẹ̀. Omi wàrà ló wà níbẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

"Ta ló ń lo ìyẹ́ yìí?"

"Èmi ni," ni Àwáwù wí láìbẹ̀rù. "Ojú ni mo fi ń tọ́jú."

 Ládòkun jókòó sórí àpótí ìjókòó ahunṣọ kan. Ó ní òun yóò sọ ọ́ bí ó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá sí i títí òun yóò fi parí. Ó ní Ràsáàkì kò fọ́ ojú ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tí ènìyàn bá dà síni lójú kì í dúró de ọjọ́ karùn-ún, àti pé Ràsáàkì tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà kò lè na ọwọ́ dé inú yàrá Àdìjátù tí kì í débẹ̀. Ohun kan náà ló ṣe tọkọtaya, inú ilé ló sì wà. Gbogbo ilé ló ń jẹun pọ̀, ṣùgbọ́n gbígbóná ni gbogbo wọn ń jẹ ẹ́. Àdìjátù nìkan ló ń jẹ wàrà ní tútù láti inú fíríìjì. Kúlú kò ṣe ohunkóhun, nítorí ilé ọgbọ̀n ló jẹ nínú ìkòkò rẹ̀, ilé kan ṣoṣo ni ibi dé, ilé tó ní fíríìjì.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ni Ládòkun wí. "Àgùntàn tó ń yí òòyì ló gbé àrùn náà wọlé. Ẹ sáré pa á kí ó má di òkúǹbete, ẹ̀sìn wa ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ẹran rẹ̀ sókè, omi rẹ̀ kán sórí wàrà àti omi wàrà nísàlẹ̀. Ẹran ẹ sè, kò sì pa yín lára. Èyí tó wà nísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sè é. Òwú ta Mùstàfá lójú ọ̀tún, ojú náà fara pa, màmá sì fi ìyẹ́ kán omi yìí sí i kí ó baà lè tù ú."

Àwáwù ń mi orí títí. Ó ní ìyá òun ló fi omi wàrà tọ́jú ojú gbogbo ahunṣọ ilé yìí, bí èérún òwú bá wọ̀ wọ́n lójú, kò sì sí ẹni tó fọ́ lójú. Ràsáàkì pàápàá wí pé òótọ́ ni, wọ́n ti kán an sí ojú tòun náà rí.

"Láyé ìyá yín, màmá, omi wàrà kì í sùn mọ́jú," ni Ládòkun wí. "Ọjọ́ tí Fúlàní bá sè é náà ni wọ́n ń lò ó tí wọ́n ń dà á nù. Èyí ti wà nínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Alájì wo fíríìjì tó rà bọ̀ láti ìrìn àjò mímọ́, ó sì gbé láwàní rẹ̀ kúrò lórí, ó fi sórí itan.  Ládòkun yíjú sí màmá, ó sì béèrè ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà á láti Ìbàdàn wá.

"Ojú òsì ńkọ́? Ẹ kò kán an sí i?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà yé. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n tọ́jú rẹ̀," ni ó wí. "Láti ọjọ́ Ajé ni. Tàárọ̀ tàṣálẹ́. Mo ti oògùn tí wọ́n fún wa ní Ìbàdàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè ṣe èyí tí mo mọ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú, mo wá tún fi kún un."

Ládòkun fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oògùn tí dókítà fún un wà nínú àpò rẹ̀, ó ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ti mú olè, ó ti mú apànìyàn, kò sì tíì rí ọ̀ràn tí òun àti ọ̀daràn jọ ṣẹ̀ rí. Ó fẹ́ bẹ màmá, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwáwù ló gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó kó ọrùn ọwọ́ pọ̀ bí wọ́n ṣe di ti Ràsáàkì ní ọjọ́ Ajé. "Ẹ mú mi lọ," ni ó wí. "Ẹ ti rí ẹni tí ẹ ń wá."

"Kò sí òfin tí mo lè fi mú yín, màmá."

"Ẹ wá òmíràn."

 Yẹ̀kínì kọjú sí ojú pópó, ó ń nu imú. Nígbà náà ni ìpè dún láti mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ ọjà, oòrùn sì wà ní àtàrí gan-an, ó ń ta lórí àwọn òwú sányán tí Mùstàfá kò tíì hun tán. Mùstàfá dìde jókòó lórí ẹní. Ó ṣí ìborùn kúrò lójú, ó sì dojú kọ ibi tí ìpè náà ti ń bọ̀, ojú òsì rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu.

"Ìyá mi," ni ó pè, "ṣé ìpè Mọ̀gàríbà nìyẹn?"

Ọwọ́ Àwáwù ṣì wà ní nínà.   Ràsáàkì ló dìde, tòun ti ẹsẹ̀ bàtà kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ òfì kọjá, ó sì di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mú ní apá.

"Àìlà ọ̀sán ni, Mùstàfá," ni ó wí. "Dìde, jẹ́ kí n mú ọ lọ ṣe àlùwàlá."